Ìkíni Tí Bàámi Fòfin Dè

N kì í lè jókòó pẹ́ nílé ọ̀fọ̀. Bí mo bá ti wọlé, tí mo sì ti kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tán, ẹsẹ̀ mi á ti máa wá ọ̀nà àbájáde, màá máa wo ilẹ̀kùn, màá máa fọwọ́ pa gèlè mi lórí bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹni ń kí èrò inú ọkọ̀ ni mo ṣe máa ń kí ọlọ́fọ̀. Kò purọ́. Ìkánjú la fi ń ṣe gbogbo nǹkan ní ẹ́súteètì tí à ń gbé ní Ìkòròdú yìí. A ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí a lè tètè wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, nígbà tí a bá sì fi máa padà dé, ó ti rẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé orí fóònù la ti ń bára wa kẹ́dùn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ aládùúgbò wa kan kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Wásáàpù àdúgbò ti kún fún àwòrán àbẹ́là àti ọwọ́ méjì tó pàdé fún àdúrà. "Ó máa dáa." "Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ dán wa wò mọ́." Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ náà tó ń polówó iṣu. Èmi náà tẹ "Ó máa dáa," mo wò ó títí, mo pa á rẹ́, mo sì wọ bàtà. Ọdún kan nígbà èwe mi ló máa ń gbé mi dìde bẹ́ẹ̀, ọdún tí gbogbo ilé wa kò rí ibi jókòó sí.

Ilé bàbá mi kò jìnnà sí Ìpakòdò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ojú ọ̀sà láàárọ̀, a máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń gbéra ní jẹ́tì. Bí afẹ́fẹ́ bá sì yí padà, ariwo ẹ̀rọ ìlọta ló máa gba inú ilé. Géètì wa ti wọ́, ó máa ń ha ilẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, nítorí náà kò sí ẹni tó lè yọ́ wọlé tọ̀ wá wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Bàámi á ti gbọn agogo àdúrà. Akọ̀wé ni ní ófíìsì kan ní Èkó, àmọ́ nínú ìjọ wa, alàgbà ni, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Bó bá ń gbàdúrà ní yàrá ìgbàlejò, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lójú títì á bá a ṣe àmín. Tíṣà ni Màámi, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí inú bá ń bí i, ìgbálẹ̀ ló máa mú. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló ni àga ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ náà ló ti máa ń dá gbogbo wa lẹ́jọ́. Èmi ni àkọ́bí, Títílayọ̀, ọmọ tí kò lè di ojú tì títí àdúrà fi máa parí. Wọ́n nà mí títí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò gbọ́. Ìdí tí mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí nìyẹn.

Àǹtí Bíọ́lá ni àbúrò Bàámi tó kéré jù lọ. Ọwọ́ Bàámi ló dàgbà sí nítorí pé bàbá wọn tètè kú. Nígbà tó mú ọkọ wálé láti Ẹ̀pẹ́, tí ọkọ náà sì jẹ́ Mùsùlùmí, Bàámi gbààwẹ̀ lé e lórí títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi jò, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè bá bínú pẹ́. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ń kó ẹrù, ẹja àti èrò láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìpakòdò. Bó bá ti já ẹrù tán, ilé wa ló máa kọ́kọ́ yà. Á dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, á kó ẹja lé Màámi lọ́wọ́, á wá jókòó tì wá nídìí àdúrà ìrọ̀lẹ́, á máa ṣe àmín tó lágbára ju ti àwa onílé lọ. Bàámi gbà fún un níkẹyìn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìmàle yìí ṣeé gbàdúrà fún." Ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́, wọn kò sì tíì bímọ.

Nígbà òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, ìjì ká ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì mọ́ ojú omi níwájú Ìjẹ̀dẹ́. Àwọn apẹja Ìjẹ̀dẹ́ yọ àwọn èrò tó wà pẹ̀lú rẹ̀ láàyè, wọ́n sì rí ọkọ̀ náà tó dojú dé. Wọn kò rí òun. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dé, àwọn ará Ìpakòdò dé, wọ́n tú gbogbo koríko etí omi wò, wọn kò rí i. Àǹtí Bíọ́lá wá sílé wa nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá a. Báàgì kékeré kan ló gbé wá, bí ẹni tó fẹ́ sùn mọ́jú kó sì máa lọ.

Nígbà tí àwọn tó ń wá a ti padà sílé olúkúlùkù, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó ń gbé ní ìkángun agboolé wa. Ó káwọ́ lérí, ó kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Bíọ́lá, ó ní, "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o." Kò tíì sọ ìyókù tí Bàámi fi dìde.

"Ta ló kú?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ wo Màámi, ó wolẹ̀.

"Mo ní ta ló kú nínú ilé yìí? Ṣé ẹ rí òkú ni? Ọlọ́run tó ní kí ẹja pọ wòlíì sí etí òkun ṣì wà lórí ìtẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tún kí àbúrò mi ní kíkí ọ̀fọ̀, ikú lonítọ̀hún ń bá ṣiṣẹ́. Nínú orúkọ Jésù!"

Gbogbo wa ṣe àmín. Ìyá Ẹlẹ́kọ náà ṣe é, ó rọra dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Bàámi ti di òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Àǹtí Bíọ́lá bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Àǹtí Bíọ́lá kò gbọdọ̀ sunkún, nítorí pé omijé iyèméjì ni. Kò gbọdọ̀ tú irun, kò gbọdọ̀ ró aṣọ dúdú. Ìjọ wa gba ọ̀rọ̀ náà sí ààwẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà sì ń wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti pàṣẹ fún omi pé kó dá Ràṣídì padà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹni tó jókòó, a ní ìkíni rẹ̀. Ẹni tó dúró, a ní tirẹ̀. Ẹni tó ń dirí, ẹni tó ń jẹun, ẹni tí òjò pa, kò sí èyí tí a kò mọ bí a ṣe ń kí. Gba ìkíni kúrò lẹ́nu Yorùbá, kò mọ ohun tó máa fi ẹnu ṣe mọ́. Àwọn ará ìjọ kọ́kọ́ gbìyànjú. Díákónì kan ní, "Ẹ kú ìgbàgbọ́," ẹnì kan ní, "Ẹ kú ojú lọ́nà," ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ sọ pé, "Ẹ kú ewu," ó sì rí i fúnra rẹ̀ pé kò bá a mu. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀ láti ìdí kànga, wọ́n á bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́kọ á ki orí bọ inú ìkòkò bí ẹni pé nǹkan já bọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà o. Ojú ń tì wọ́n, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àmọ́ Àǹtí mi kò mọ̀ ju pé gbogbo ayé ń sá fún òun.

Nínú ilé, gbogbo nǹkan ni à ń ṣe bí ẹni ń gbàlejò tí kò dé. Màámi ní láti máa dirí fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irun tó gbámúṣé, nítorí Bàámi ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ kì í rí jákujàku. Àǹtí Bíọ́lá á jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún Màámi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lórí ẹní, Màámi á máa fi òòyà la irun náà jẹ́jẹ́. Lálaalẹ́, oúnjẹ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ní láti wà nílẹ̀. Bí ìkọ́kọrẹ́ bá jinná, Màámi á bu ti Bàámi, á bu tirẹ̀, á fi ẹja tó tóbi lé e lórí, á fi abọ́ dé e. Láàárọ̀, wọ́n á gbé e kaná, àwa ọmọ á pín in jẹ. Tọkàntọkàn ni mo fi ń gbàdúrà pé kó padà wá, tọkàntọkàn náà ni mo sì ń ṣọ́ ẹja rẹ̀. Ọmọdé lè ṣe méjèèjì pọ̀ láìṣe àgàbàgebè.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sọ́dọ̀ wa nígbà náà, ti Bàámi nìkan ló wà nílé. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, Àǹtí Bíọ́lá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú fóònù náà tó máa ń fi òyìnbó dáhùn pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo kórìíra obìnrin náà. Àǹtí mi á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin, á ní, "Ẹ ṣé," á dá fóònù padà fún Bàámi. Bàámi á gbà á, á fi sápò, á jáde, á rìn dé ìdí kànga, á tún padà wọlé. Bí géètì bá ha ilẹ̀, gbogbo wa á gbórí sókè. Màámi ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, Bàámi á lọ sí Ìpakòdò lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, á dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ṣòkòtò, a kò sì ní béèrè.

Ìyá Àgbà nìkan ló lè la ẹnu sí i. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà, ó kàn sọ̀rọ̀ sínú igbá tó wà lórí itan rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́!" Bàámi pariwo sí ìyá rẹ̀ láti inú yàrá.

"Èmi kọ́ ni mo pa òwe náà. Ilé ayé ni mo bá a."

Ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi rán èmi àti Àǹtí Bíọ́lá lọ sí ọjà Agric láti ra bàtà ilé-ìwé fún mi. Èrò pọ̀, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe èrò, òórùn àgbàdo sísun gba gbogbo ibẹ̀. Bí a ṣe ń la àárín èrò kọjá ni obìnrin kan tó ń ta abọ́ pe Àǹtí mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti mọra, àmọ́ obìnrin náà ti kó kúrò níbẹ̀, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Ìyàwó Ràṣídì! Ìwọ nìyí? O mà rù o! Ọkọ wa ńkọ́?"

Mo wo ojú Àǹtí mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Dáadáa ló wà, mà. Ó ní kí n kí yín."

"Ó gbọ́dọ̀ kí mi! Bá mi sọ fún un pé ẹja tó ṣèlérí fún mi, mi ò tíì rí i o."

"Màá sọ fún un."

Ó gbá ọwọ́ mi mú, a sì ń lọ. A kọjá àwọn tó ń ta bàtà. Mo rò pé ó ti rí àwọn mìíràn níwájú, àmọ́ a kọjá àwọn náà, a kọjá ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, a kọjá ibi tí ọjà parí sí, ó ń rìn kíkankíkan, èmi ń sáré tẹ̀lé e. Níkẹyìn mo ní, "Àǹtí, a ti kọjá ibẹ̀." Ó dúró. Ó wo ọ̀nà tí a gbà wá bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e débẹ̀.

"Títí, ṣé irọ́ ni mo pa fún ìyá yẹn?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rú òfin Bàámi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo mọ̀ nínú mi pé nǹkan kan kò tọ́.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀," ó dáhùn. A padà sílé láìra bàtà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Nígbà tí Bàámi ń jẹun lálẹ́, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kò sì mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Títí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sunkún."

"Ìyá Títí, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ tán. Olúwa tí à ń pè yìí náà sunkún nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ó mọ̀ pé òun máa jí i o, ó dá a lójú. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ bá àwọn obìnrin yẹn sunkún ná."

Bàámi ti abọ́ síwájú. Mo fetí sílẹ̀ de ohùn ńlá rẹ̀, àmọ́ jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé mo ní láti sún mọ́ ògiri kí n tó gbọ́.

"Olúwa nìyẹn. Ó lè sunkún tán kó tún jí òkú. Èmi, bí mo bá fi lè bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kí ló kù tí mo tún lè ṣe fún un? Èmi ni mo tọ́ ọ. Ọmọdé ni. Ṣé kí n fi ẹnu ara mi pè é ní opó ni?"

Èmi náà ti bímọ báyìí, mo sì ti tọ́jú àbúrò, mo wá mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nínú ariwo Bàámi, ìfẹ́ tí ẹ̀rù gùn. N kò bínú sí i mọ́. Mo ti rí i lára mi náà. Ọ̀pọ̀ àdúrà tí à ń gbà lé ẹni tí ìyà ń jẹ lórí, ara tiwa ni kò balẹ̀ tí a fi ń gbà á. A fẹ́ kó tètè dáa fún un kí àwa lè rí oorun sùn, kí á lè padà sídìí oúnjẹ wa, kí ojú rẹ̀ má baà máa wò wá mọ́. Bí kò bá wá tètè dáa, a ó máa bínú sí i pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Mo ti ṣe é fún àwọn èèyàn, wọ́n sì ti ṣe é fún mi lọ́jọ́ tí oyún bà jẹ́ lára mi. Ìyẹn sì tún burú ju kí wọ́n má wá rárá lọ.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò dúró de Bàámi. Wọ́n kírun sí òkú tí wọn kò rí, wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí wa. Bàámi ní kí wọ́n bá òun sọ fún wọn pé a kì í ṣe fídáù alààyè. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, wọ́n tún ránṣẹ́, ìdáhùn kan náà ni wọ́n gbọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó dé Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ní ìyá, Alhaja, arúgbó obìnrin kan tó ń yan ẹja ní etí omi, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Ìyá Àgbà lọ́kàn. Ó máa ń dédé dákẹ́ nídìí iṣẹ́, á ní, "Obìnrin yẹn wá kúnlẹ̀ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ kú, a ò lọ kí i." Bí Bàámi bá wà nítòsí, á sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Sátidé ni Alhaja dé. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ti kún yàrá ìgbàlejò wa, Àǹtí Bíọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn, ọwọ́ pọ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí irun tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bàámi ń pàṣẹ fún omi. Ariwo àdúrà bo ti géètì mọ́lẹ̀, gbogbo ojú ló sì dì àfi tèmi, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nígbà tó wọlé: obìnrin kúkurú kan nínú ìborùn funfun, tí ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà ló ṣìkejì. N kò rí i rí kí Ìyá Àgbà dìde fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀.

"Yéè! Ẹni tó yẹ ká lọ bá nílé ló wá bá wa yìí! A gbé!"

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kì í jáde lọ kí ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ̀ ló ń jókòó sí, àwa tí ọmọ wa wà láàyè la máa ń wá bá a. Ọmọdé ni mí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú tì wá lọ́jọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Alhaja kò dá àdúrà dúró. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi parí, níbi tí wọ́n bá sì ti ṣe àmín, òun náà ń ṣe àmíìn tirẹ̀. Nígbà tí Bàámi la ojú, tó rí i, ó gbé ohùn sókè.

"Alhaja! Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá wa fi àdúrà sí i. Ọmọ yín ń bọ̀ nínú orúkọ Jésù."

"Ẹ kú àdúrà o, àna mi. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Àmọ́ Ràṣídì ti kú."

Bàámi la ẹnu, ó ní, "Ẹ má fi ẹnu ara yín…"

"Èmi ni mo bí i. Mo bá wọn dé Ìjẹ̀dẹ́, mo wo omi náà. Bí ọmọ mi bá wà láàyè, ibi yòówù kó wà, á ti wá mi wá. Mi ò wá bá yín jà. Wọ́n ní láti ọjọ́ yìí, kò tíì sẹ́ni tó kí ìyàwó mi. Mo ní kí n wá kí i."

Ó gba àárín àwọn aládùúrà kọjá. Wọ́n ń ká ẹsẹ̀ wọn jọ fún un. Ó di orúnkún mú, ó rọra jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Àǹtí mi, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Bíọ́lá, o kú ará-fẹ́ra-kù. O kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Àǹtí Bíọ́lá wo Bàámi. Ó wá yíjú padà sí Alhaja, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Màámi, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ má bínú pé mi ò wá." Lẹ́yìn náà ni igbe náà jáde. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo sá lọ di aṣọ Màámi mú. Alhaja gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń mì, ó ń sunkún tirẹ̀ lókè rẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀. Màámi jókòó sílẹ̀ tì wọ́n. Àwọn obìnrin ìjọ náà jókòó sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ẹlẹ́kọ sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ìró nu ojú. Àwọn ọkùnrin ń wá bàtà wọn.

Bàámi nìkan ló dúró láàárín gbogbo wa. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pàṣẹ fún omi. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá arúgbó náà, pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn. Ó fẹ́ kí i. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ẹnu rẹ̀ ń pa dé, ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Ẹ dìde, àna mi," Alhaja ní. "Mo ti gbọ́."

Kò dìde.

"Ẹ̀yin tí ohùn yín ń dé ọ̀run, ẹ bá mi tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Kí ni, Ìyá?"

"Oorun. Mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá ti dijú, omi ni mò ń rí."

Bàámi dìde sórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo wa tẹrí ba, a ń retí àdúrà gígùn, èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, tó sì máa ń dé òpin ayé kí ó tó padà sílé wa. Ó ní, "Olúwa, ìyá yìí kò rí oorun sùn. Jọ̀ọ́, fún un ní oorun." A dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Nígbà tó yá, Alhaja fúnra rẹ̀ ló ṣe àmíìn, àwa náà sì tẹ̀lé e.

Màámi gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú yàrá ìgbàlejò wa, lọ́sàn-án gangan, lórí ẹní kan náà pẹ̀lú Àǹtí Bíọ́lá, oorun gbé e lọ. Bàámi gbé àga wá sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin fún wọn. Bí a bá sọ̀rọ̀, á fọwọ́ sẹ́nu sí wa. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìjọ yòókù tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń bọ̀ fún ìṣọ́ àdúrà, a ti ń gbọ́ orin àti àtẹ́wọ́ wọn láti ojú ọ̀nà. Bàámi bọ́ bàtà rẹ̀, ó sáré jáde lọ pàdé wọn níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ìyá yìí ló kú. Ẹ jẹ́ kó sùn."